Oṣù kan ní ojú kan: ìdáhùn fún bàbá tó ń bẹ̀rù pé yóò sú àwọn

Ìbéèrè: "Ẹni ọdún 68 ni mí, ìyàwó mi jẹ́ ẹni ọdún 65. Nínú ìrìn-àjò tí a kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ìlú 6 la wò láàárín ọjọ́ 12. Ká tó padà délé, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti wú, èmi náà ò sì mọ ìlú tí a ti ya èyí tó pọ̀ nínú àwọn fọ́tò wa mọ́. Àwọn ọmọ ní tó bá tún di ìgbà míì, kí á lọ jókòó sí ìlú kan ṣoṣo fún odidi oṣù kan. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu. Ṣé kò ní sú wa? Báwo ni a ó sì ṣe ṣètò rẹ̀?"

Ìdáhùn:

Bàbá, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú àárẹ̀. Ẹ bá wa kí Màmá, kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan nígbà tí wọ́n bá jókòó.

Kò ní sú yín. Òótọ́ ni pé yóò dà bíi pé ó fẹ́ sú yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni. Ó sábà máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 7. Nígbà yẹn, ohun tuntun inú ìlú ti ń di ohun tí ojú ti rí, bẹ́ẹ̀ ìlú náà kò tíì di ibi tí ẹ mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn á di ẹrù rẹ̀, á kọrí sí ìlú mìíràn, á sì tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí kí ẹ lè la ọ̀sẹ̀ kìíní yẹn já ni, láìfarapa, láìṣàìsàn, láìsí pé ọ̀rọ̀ owó tàbí ìwé dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ náà ni adùn wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ìrìn-àjò tí ẹ ti dé yìí. Ìlú 6 láàárín ọjọ́ 12: ẹ ṣí láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ fi ọjọ́ kan lọ, ẹ fi ọjọ́ kan bọ̀. Ọjọ́ 7 nìyẹn tó jẹ́ ti ẹrù dídì àti ọkọ̀ wíwọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ló ń fẹ́ kí àlejò kúrò nínú yàrá ní nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀, ibi tí ẹ sì ń lọ kò ní ṣílẹ̀kùn yàrá fún yín títí di aago 2 tàbí 3 ọ̀sán. Orí ìdúró lẹ óò ti lo èyí tó pọ̀ nínú wákàtí àárín méjèèjì, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá dé yàrá tuntun, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná, bí omi gbígbóná ṣe ń jáde, àti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Ọjọ́ 5 péré ló kù fún ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Ká ní ọjọ́ 30 lẹ lò ní ojú kan ni, ọjọ́ 2 ni ọ̀nà máa gbà, ọjọ́ 28 á jẹ́ tiyín.

Ọ̀rọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sójú kan ju wákàtí 4 lọ, ìbáà jẹ́ nínú bàlúù, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gòkè padà láti ẹsẹ̀ á máa falẹ̀, nítorí iṣan ẹ̀yìn ojúgun tó máa ń fún un sókè nígbà tí a bá ń rìn kò ṣiṣẹ́. Ìjókòó léraléra bẹ́ẹ̀ tó láti mú ẹsẹ̀ Màmá wú. Bí ìjókòó bá ṣe ń gùn tó, tó sì ń ṣe léraléra tó, ni ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ewu náà kì í sì í parí lọ́jọ́ tí ẹ sọ̀kalẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aago náà ń kó tiẹ̀ bá ara: ara máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 1 fún wákàtí 1 tí aago ibi tí ẹ lọ fi yàtọ̀ sí ti ilé, ó sì máa ń nira jù bí ẹ bá kọrí sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó sọdá wákàtí 6, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí oorun rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Bó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ 10 ló ní, ìgbà tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ló ń múra àtipadà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó gba àkókò kí ojú náà tó là. Ẹ mú àga kan ṣoṣo lẹ́bàá omi tàbí ní gbàgede ìlú. Lọ́jọ́ kìíní, àga lásán ni. Tí ẹ bá ti ń jókòó síbẹ̀ ní aago 7 òwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò ti mọ̀ pé oòrùn kì í kan ògiri tó kọjú sí yín títí di aago 8, pé obìnrin tó ń fa ajá méjì á ti kọjá kí ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó dé, pé ajá kékeré náà kì í kọjá òpó iná kan láìdúró. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn á ti na èyí tí ẹ máa ń rà sí yín kí ẹ tó lanu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ẹ kò bá jáde lọ́jọ́ kan, ẹnì kan lè béèrè pé ẹ̀yin dà. Nǹkan wọ̀nyí kò wà nínú ìwé ìpolówó kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ènìyàn ń rántí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ibi ńlá náà yóò yàtọ̀ lójú yín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ ì bá fi wákàtí 5 rìn yíká títí orúnkún á fi kọ̀, ẹ lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, wákàtí kan ní ìgbà kan, yàrá méjì péré, kí ẹ jókòó síwájú ohun kan tó wù yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì olóṣù tàbí ọlọ́dọọdún, àti bóyá ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó ti lé ní ọdún 60 tàbí 65. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ní in, wọn kì í sì í sábà sọ ọ́ títí ẹ ó fi béèrè. Bí òjò bá rọ̀, ẹ sùn. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀.

Ẹ má fi ibi tó lókìkí jù ṣe àkọ́kọ́. Ìlú tí èrò inú rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 20,000 sí 100,000 ló rọrùn jù fún oṣù kan: ó tóbi tó láti ní ilé ìwòsàn, ilé oògùn àti ọkọ̀ èrò, ó sì kéré tó tí wọ́n fi lè dá yín mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìlú kan wà tó ń jẹ́ Cittaslow, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì lọ́dún 1999 fún àwọn ìlú tó fẹ́ kí ayé máa lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò ju 50,000 lọ ni wọ́n fi òfin rẹ̀ ṣe. Kò di dandan kí ẹ lọ sí ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn bọ́gbọ́n mu.

Torí orúnkún Màmá, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí ẹ wá. Fọ́tò kì í fi òkè hàn. Àwòrán ilẹ̀ orí Google Maps máa ń fi bí ọ̀nà ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ hàn bí ẹ bá yan ìrìn ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́, ẹ fi wo ọ̀nà láti ilé náà lọ síbi tí ẹ óò ti máa ra nǹkan. Ẹ rántí pé ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dun orúnkún jù, kì í ṣe ìgòkè. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín, ilé ìwòsàn tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlú tó ga ju mítà 2,500 lọ sí ìtẹ́jú òkun, ẹ bi dókítà kí ẹ tó sanwó, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún yẹra fún oṣù tó gbóná jù. Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni òǹgbẹ ń pẹ́ láti gbẹ ẹ́, ni ara sì ń lọ́ra láti làágùn, nítorí náà omi lè tán lára kí ẹni náà tó mọ̀. Oṣù kan ṣáájú ìgbà tí àlejò ń wọ́, tàbí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ni kí ẹ mú: ilé á dínwó, ẹsẹ̀ á sì dín lójú pópó.

Ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ farabalẹ̀ sí jù. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì dùn fún ọjọ́ 3, ṣùgbọ́n fún oṣù kan, ẹ nílò ilé tó ní ilé ìdáná, ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti yàrá méjì, kí ẹnì kan lè máa sùn nígbà tí ẹnì kejì ń kàwé tàbí ń gbọ́ rédíò. Àwòrán tí onílé gbé síta kò tó. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù ya fídíò kan ṣoṣo tí kò gé, láti ojú pópó títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Fídíò yẹn ló máa ń tú àṣírí àtẹ̀gùn 14 tí kò ní irin ìdìmú, ẹ̀rọ agbéniròkè tó jẹ́ pé àjà kejì ló ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé. Onílé tó bá kọ̀ láti yà á, ẹ fi sílẹ̀.

Balùwẹ̀ ni kí ẹ béèrè lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí àgbàlagbà ti sábà máa ń ṣubú nínú ilé tí kò mọ́ ọn lára. Bó bá jẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n wọn bí etí rẹ̀ ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ máa gbé ẹsẹ̀ tútù kọjá etí ọpọ́n tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50 lójoojúmọ́. Ibi ìwẹ̀ tí a ń rìn wọ̀ láìgbẹ́sẹ̀ sókè ni kí ẹ wá. Ẹ má ṣe di irin tí wọ́n ń fi táwẹ́lì kọ́ mú bí ẹ bá fẹ́ dìde. Wọn kò kàn án mọ́ ògiri láti gbé ènìyàn dúró, ó lè fà tu kúrò lára ògiri. Ẹ ká ẹní rọ́bà tí kì í yọ̀ kan sínú ẹrù yín, kò wúwo, ó sì ṣe é tẹ́ sínú ọpọ́n èyíkéyìí. Ẹ mú iná kékeré kan dání pẹ̀lú, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú iná, kí ẹ fi í sí ojú ọ̀nà láàárín ibùsùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé gan-an, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó wà nílẹ̀, kí ẹ kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibùsùn àti àga náà ṣe pàtàkì. Bí Màmá bá jókòó sétí ibùsùn, ó yẹ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún má sì ga ju ìdí lọ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50 ni. Àga oníbùsùn tó rọ̀, tó sì rì mọ́lẹ̀, máa ń fìyà jẹ orúnkún nígbà ìdìde, nítorí náà ẹ rí i pé ó kéré tán àga kan ní apá. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ méjì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bá ní kọ́kọ́rọ́ kan fún oṣù kan á di pé ibi tí ọ̀kan bá wà ni èkejì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí ẹ ti jọ gbé fún ogójì ọdún náà nílò òwúrọ̀ tirẹ̀, pàápàá ní ibi tí kò ti ní ọ̀rẹ́ mìíràn.

Lórí owó ilé: ọ̀pọ̀ onílé orí Airbnb, òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń yá àlejò ní ilé, àti irú òpó bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹ̀dínwó sílẹ̀ fún alẹ́ 7, wọ́n sì tún ń fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti alẹ́ 28 sókè. Nítorí náà, ẹ tẹ 28 wò kí ẹ tó gba 25. Nígbà míì, iye 28 máa ń kéré sí ti 25. Ṣùgbọ́n òfin ìdápadà owó fún alẹ́ 28 sókè máa ń le ju ti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ẹ kà á tán kí ẹ tó sanwó. Àwọn kan máa ń gba alẹ́ 5 sí 7 sílẹ̀, tí wọ́n á fi àsìkò yẹn wá ilé tó dára jù ní àdúgbò. Ó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù tí àlejò kò pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn dúnàádúrà lójúkojú. Àmọ́ fún ẹ̀yin tó jẹ́ àkọ́kọ́ yín, mi ò gbà á nímọ̀ràn, nítorí ọ̀sẹ̀ kìíní tó yẹ kí ẹ fi sinmi lẹ óò fi wá ilé. Ilé kan, alẹ́ 28, fídíò ní ọwọ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òun kí òun lè dínwó sí i, ẹ sá fún un. Ẹ̀tàn ni ó sábà máa ń jẹ́, bí owó bá sì ti kúrò lórí òpó, kò sí ẹni tó máa bá yín gbà á padà.

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ìrìn-àjò. Kò yẹ kó sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí wọ́n bá yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru padà, ó yẹ kí ẹ ti lò ó nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó mọ̀ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á nìkan. Orúkọ ìtajà ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ orúkọ kan náà lè jẹ́ oògùn mìíràn pátápátá ní ibòmíràn. Oògùn tí ẹ óò kó dání gbọ́dọ̀ tó gbogbo ọjọ́ tí ẹ óò lò, kó tún ṣẹ́kù fún ọjọ́ 7 sí 10, torí bí ọkọ̀ bá fagi lé ìrìn tàbí ara kò yá láti padà. Ẹ fi í sínú páálí tí ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ pín in sí báàgì ọwọ́ méjì, ìdajì lọ́wọ́ Bàbá, ìdajì lọ́wọ́ Màmá. Oògùn kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí ẹ óò fi lé àwọn òṣìṣẹ́ bàlúù lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń lo abẹ́rẹ́ insulin fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn ṣe pàtàkì jù, nítorí òtútù ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lè bà á jẹ́.

Ìrora orúnkún máa ń mú kí wọ́n fún ènìyàn ní tramadol tàbí oògùn tó ní codeine nínú. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ sínú báàgì, tàbí oògùn oorun bíi diazepam, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ. Lọ́pọ̀ ilẹ̀, iye tó tó ọjọ́ 30 ni wọ́n gbà kí arìnrìn-àjò mú wọlé, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní àwọn ibòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, wọ́n sì lè fi ènìyàn sí àtìmọ́lé lórí rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àkọ́kọ́ yín jẹ́ oṣù 1, kì í ṣe oṣù 3.

Ẹ mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò dání. Ní ibi tó gbóná, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ òun lọ sílẹ̀ jù, tí ojú á sì máa kọ́ ọ bó bá dìde. Ẹ má dá oògùn dín fúnra yín. Ẹ kọ iye tí ẹ ń rí sílẹ̀ ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó lọ pé iye wo ni kí ẹ fi pè é. Bí aago ibẹ̀ bá yàtọ̀ púpọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ bí ẹ óò ṣe sún àkókò oògùn sílẹ̀ fún yín sórí ìwé. Fún Màmá, ẹ béèrè nípa ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ tí wọ́n á wọ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kó wọ̀ ọ́. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá ń béèrè abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ sọ ọjọ́ orí yín fún wọn kedere: ẹni tó ti lé ní ọdún 60 tí kò gbà á rí ní ewu tó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, dókítà sì lè kọ ìwé ìyọ̀ǹda dípò rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, ọjọ́ 10 lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní ọjọ́ tí ó ń parí mọ́ láti ọdún 2016.

Ẹ kà ìnṣọ́ráǹsì ìrìn-àjò yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń san lọ́dọọdún ló ní iye ọjọ́ tí ìrìn-àjò kan kò gbọ́dọ̀ kọjá, bíi ọjọ́ 31 tàbí 45. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì lé e lè má ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún, ẹ dárúkọ méjèèjì fún wọn, kódà bó bá jẹ́ kí owó pọ̀ sí i, nítorí àìsàn tí a fi pamọ́ ni wọ́n fi ń kọ̀ láti san owó ilé ìwòsàn. Ẹ rí i pé owó gbígbé aláìsàn padà sílé wà níbẹ̀. Bí ilé tiyín náà bá ní ìnṣọ́ráǹsì, ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ni ó lè ṣófo. Àwọn kan máa ń dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ 30.

Ìwé ìrìnnà: ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kó ṣẹ́kù oṣù 6 lórí rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ físà, ẹ má ka oṣù. Ní àgbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí ni wọ́n fún àlejò, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde sì wà lára rẹ̀. Oṣù 3 lè jẹ́ ọjọ́ 92.

Owó ló máa ń fi àgbàlagbà sínú ìdààmú lọ́nà tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Báńkì á fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí síìmù ilé, síìmù yẹn kò sì sí nínú fóònù mọ́ nítorí pé wọ́n ti fi ti ìlú àjò rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo fóònù tó ń gba síìmù méjì, kí ti ilé wà láàyè láti gba àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ sì dán an wò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ dé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó. Káàdì báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ mú, kí wọ́n má sì wà nínú pọ́ọ̀sì kan náà. Bí ẹ̀rọ ATM bá bi yín bóyá kí òun ṣírò rẹ̀ sí owó ilẹ̀ yín, ẹ ní rárá, nítorí iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ níbẹ̀ máa ń gbówó lórí. Ẹ tún béèrè bóyá àkókò tí wọ́n ń yẹ olówó ìfẹ̀yìntì wò pé ó wà láàyè bọ́ sí oṣù yẹn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ arọ tàbí olùrànlọ́wọ́ fún Màmá, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Kò dìgbà tí ènìyàn bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ìdúró lórí ìlà àti ìrìn láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn ló ń ba orúnkún jẹ́ kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹrù yín kò gbọ́dọ̀ ju kílò 10 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ọjọ́ 7 tó, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nílé. Bàtà méjì tí ẹsẹ̀ ti mọ̀. Bàtà tuntun kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ.

Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ má lọ síbì kankan tó ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ wá ilé oògùn, ẹ wo ọ̀nà ilé ìwòsàn lójú mọ́mọ́, ẹ mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ẹ sì kọ àdírẹ́sì ilé sórí ìwé ní èdè ibẹ̀ kó wà nínú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ń bẹ níhìn-ín: ìlú dára, ara yá gágá, ènìyàn á rìn ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń rìn nílé lọ́jọ́ kan, orúnkún á wú, ọ̀sẹ̀ kan á lọ lórí ìjókòó. Ìwọ̀n tí ẹ ń rìn nílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Láàárín ọjọ́ 4 sí 7, nígbà tí ó bá ń dà bíi pé ó ti sú yín, ẹ mú ohun kan tí ẹ óò máa ṣe ní aago kan náà, ní ibi kan náà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan: ẹ̀kọ́ èdè ibẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin, omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn dára fún orúnkún gan-an, nítorí omi ń gbé ìwọ̀n ara. Kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má ju wákàtí 2 lọ. Ohun ńlá kan ṣoṣo lóòjọ́, kí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìsinmi. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lè máa lọ sí ìlú tó wà nítòsí kí ẹ sì padà lálẹ́. Bí ìlú kan bá jìnnà, ẹ lọ sùn síbẹ̀ ní alẹ́ kan pẹ̀lú báàgì kékeré, kí ẹ fi ẹrù tó kù sílé. Owó alẹ́ kan yẹn á dà bí owó méjì, ṣùgbọ́n ó dára ju kí ẹ di gbogbo ẹrù lọ.

Ọjọ́ 2 ṣáájú àtipadà ni kí ẹ ti di ẹrù, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn lè ṣófo fún àwọn tí ẹ óò kí pé ó dìgbà. Lójú ọ̀nà, ẹ dìde rìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí méjì, ẹ sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó. Bí ẹ bá délé, ẹ má fi ìpàdé tàbí òde kankan sí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Láàárín oṣù kan lẹ́yìn náà, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tàbí tó ń dunni, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ èémí ló ń gé tàbí àyà ló ń dunni lójijì, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò sọ fún wọn sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé.